Pẹpẹ Etí Odò ní Ìgàndó

Mò ń fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun bàtà kánfáásì mi lẹ́bàá fèrèsé ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Gowon Estate, mo sì ń ka ìtàn odò Ìgàndó láìwo ìwé. Ìlà mọ́kàndínlógún ni ìtàn náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó sórí àga, ó mú ìwé tí mo dà á kọ sí lọ́wọ́, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń dé ibẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní n kò ṣàṣìṣe kankan, àmọ́ pé mò ń kà á bí ẹni tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mo bi í pé kí ni kí n ṣe sí i. Ó ní kí n máa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo gba ìwé náà, mo kọ “ẹ̀rín” sí etí rẹ̀ níbi mẹ́ta: ìlà kìíní, ìlà kẹsàn-án àti ìlà ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà mo wọ bàtà mi, mo sì jáde.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni ọjọ́ náà, ọjọ́ tí gbogbo ìjọ agbègbè wa máa ń lọ sí Gálílì. Bíbélì sọ pé lẹ́yìn tí Jésù jíǹde, ó ṣáájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Gálílì. Àwa tí a ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún ti gbà láti ìgbà pípẹ́ pé ohun tí èyí túmọ̀ sí ni kí a gbé ìrẹsì lọ sí pápá. Pápá ilé ìwé ni à ń lò tẹ́lẹ̀, títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ṣí ọgbà ìgbafẹ́ kan létí odò lẹ́yìn Ìgàndó. Wọ́n ri òpó bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, wọ́n so jangílófà mẹ́fà kọ́ fún àwọn ọmọdé tó bá fẹ́ máa fì, wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi méjì síbẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ ṣeré lórí omi, wọ́n sì gbé pátákó ńlá kan dúró ní ọ̀nà odò, tí wọ́n kọ ìtàn ibẹ̀ sí.

Ní tèmi, kì í ṣe ìrẹsì ni mo bá lọ. Ọdún kejì tí mo jáde ilé ìwé girama nìyẹn, n kò sì tíì rí iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń ṣe ni pé bó bá fẹ́ bu ọbẹ̀ fún mi, á bi mí bí ètò mi ṣe ń lọ sí, á sì di ṣíbí ọbẹ̀ mú lókè ìkòkò títí n ó fi dáhùn. Láàárín ọdún méjì yẹn, mo di ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà láìwá ọbẹ̀ púpọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí mo gbọ́ pé ọgbà ìgbafẹ́ ń wá ẹnì kan tí yóò máa mú àwọn àlejò káàkiri, tí yóò sì máa sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn, mo wọ ọkọ̀ méjì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì gan-an. Ọ̀gá ọgbà náà jẹ́ ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó máa ń fi áńkáṣíìfù nu àga kó tó jókòó. Òun ló kọ ìtàn orí pátákó yẹn. Ó ní òun fi oṣù mẹ́ta bá àwọn ìdílé onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí òun tó kọ ọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí àwọn àgbà wọn kò fọwọ́ sí. Ó ní kí n lọ kọ́ ọ sórí, kí n wá sọ ọ́ fún àwọn èrò Gálílì lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, pé ọ̀gá àgbà kan ń bọ̀ láti Ìkẹjà ní aago méjì ọ̀sán láti gbọ́ mi. Bí mo bá tẹ́ ẹni yẹn lọ́rùn, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni n óò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo jẹ́ ẹni tó máa ń fẹ́ mọ nǹkan dájú. Ní Sátidé tó ṣáájú, mo yá téèpù ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ wọn gbogbo ohun tí ìtàn náà mẹ́nu bà. Láti géètì dé etí omi jẹ́ igba ìṣísẹ̀ ó lé mọ́kànlá. Ìlà kẹsàn-án sọ̀rọ̀ nípa pẹpẹ sìmẹ́ńtì kan tó wà létí odò lábẹ́ igi ọdán, pé èbúté ni ibẹ̀ láyé àtijọ́, orí pẹpẹ yẹn ni àwọn oníṣòwò ti ń já àpò iyọ̀ sílẹ̀. Mo wọn pẹpẹ náà. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méje, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. N kò bi ara mi léèrè pé kí ló máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀, tó sì máa ń fẹ̀ mọ bẹ́ẹ̀. Mo tún rí i pé wọ́n ti kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀ yí i ká. Mo ka èèkàn náà, wọ́n pé mẹ́rin, mo sì lọ sílé.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, èrò ti kún. Ìjọ mẹ́sàn-án ni mo kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tẹ́ ẹní tirẹ̀, àwọn ọmọdé ti ń jà lórí jangílófà. Lẹ́bàá pẹpẹ yẹn, ìyá àgbàlagbà kan jókòó sórí àpótí, ó fi ìborùn funfun bo orí, kò sì ní ohunkóhun níwájú. Àwọn èèyàn tó ń kọjá ń bi í pé kí ló ń tà. Ó ń dá wọn lóhùn pé òun ò tà. Ọ̀gá ọgbà sọ fún mi pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìdílé onílẹ̀ ni, pé kò ní wàhálà, kí n ṣá kí i dáadáa. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Ní aago méjìlá kọjá díẹ̀, mo kó àwọn èrò tó tó ọgọ́ta jọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi. Mo rẹ́rìn-ín ní ìlà kìíní. Ó lọ dáadáa. Nígbà tí mo dé ìlà kẹsàn-án, mo na ọwọ́ sí pẹpẹ náà, mo tún rẹ́rìn-ín, mo ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ẹrù láyé àtijọ́. Ìyá ìjọ kan tó ti ń gbé kúlà ìrẹsì kiri láti àárọ̀ láti wá ibi tí eèrà kò ní dé, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

“Ẹ ṣeun, àǹtí,” ló wí. “Ibi ẹrù náà là ń wá.”

Ó já kúlà rẹ̀ sórí pẹpẹ. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e já tiwọn síbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì to àwo sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ka ìlà mẹ́wàá tó kù lé wọn lórí bí wọ́n ṣe ń bu ìrẹsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Inú mi dùn gan-an. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ìyá onílẹ̀ yẹn fọwọ́ pè mí. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn Àwórì wà lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í pariwo.

“Ọmọ mi, bá mi sọ fún ìyá yẹn kó sún kúlà tó wà níwájú yẹn sísàlẹ̀ díẹ̀. Orí ló gbé e lé.”

“Orí kí ni, mà?”

“Orí ìyá mi.”

Mo wo kúlà. Kúlà pupa ni, ó ní ìdérí funfun. Mo rántí ẹsẹ̀ bàtà méje, mo rántí mẹ́ta àti ààbọ̀, mo sì rántí bí mo ṣe fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ó jọ pé ìyá náà rí i lójú mi pé mo ti gbọ́ ohun tó wí, nítorí pé kò tún un sọ.

Mo lọ bá ìyá ìjọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sún kúlà rẹ̀ kúrò.

“Ẹ ẹ̀ rí i? Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ibi ẹrù ni?”

Mo ní sìmẹ́ńtì náà ń gbóná, ìrẹsì lè bàjẹ́.

“Ìrẹsì tó ń yọ èéfín? Kí ló tún fẹ́ gbóná lára ẹ̀ tó máa bà á jẹ́?”

Mo fi ọwọ́ ara mi gbé kúlà náà, mo gbé e sórí ẹní. Ìyá ìjọ tẹ̀ lé mi, ó ń sọ fún àwọn tó kù pé àwọn ọmọ ìjọba yìí ti le jù jàre, pé wọ́n á sọ fún èèyàn pé ibí ni kó já ẹrù sí, wọ́n á tún sọ pé kó má já a síbẹ̀. Ó tọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò pè mí ní ọmọ ìjọba nìyẹn, kò sì dùn tó bí mo ṣe rò.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún mi, ní ṣókí. Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba wá, wọ́n bi ìdílé wọn bóyá sàréè wà lórí ilẹ̀ náà. Ìdílé ti gbọ́ pé níbòmíì, bí wọ́n bá ti sọ pé sàréè wà, ìjọba á hú u, á kó eegun sínú àpò, á lọ sin ín sí ibi tí àwọn ọmọ òkú kò ní mọ̀. Nítorí náà, wọ́n ní kò sí. Àwọn awọnlẹ̀ ní kí wá ni sìmẹ́ńtì yìí.

“Àbúrò mi ọkùnrin ní ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ni,” ló wí. “Wọ́n ní irú ẹrù wo. Àbúrò mi ò mọ èyí tó máa wí. Èmi ni mo ní iyọ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ pé iyọ̀?”

“Èmi ni. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa kọ ọ́ sórí pátákó.”

Irọ́ náà ti ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìjọba kò hú ìyá rẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ọgbà ti sọ fún ìdílé tayọ̀tayọ̀ pé wọ́n fẹ́ kọ́ àtíbàbà ńlá kan fún àlejò síbẹ̀, lábẹ́ igi ọdán, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Èèkàn mẹ́rin yẹn ni igun rẹ̀. Pẹpẹ ìjáẹrù yẹn ti gbó, kò sí ẹni tó ń já ẹrù níbẹ̀ mọ́, wọn yóò fọ́ ọ. Ọ̀gá tó ń bọ̀ láti Ìkẹjà ni yóò pàṣẹ ọjọ́ tí wọn yóò fọ́ ọ. Ìdílé pe ìpàdé. Àwọn ọkùnrin ní àwọn ti fọwọ́ síwèé pé kò sí sàréè níbẹ̀, bí àwọn bá tún lọ sọ pé ó wà, ẹ̀wọ̀n ni, ìjọba ológun ni ó wà lórí oyè. Wọ́n ní kí ìyá gbà fún Ọlọ́run. Ìyá ní òun ti gbà fún Ọlọ́run, àmọ́ òun máa lọ jókòó síbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tó kírun àárọ̀ tán.

“O mọ̀wé,” ló wí fún mi. “Kí ni kéèyàn sọ fún wọn?”

Mo ronú sí i. Bí a bá sọ òtítọ́, wọn yóò hú u. Bí a bá fi irọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọn yóò fọ́ ọ. Mo wo ìwé mi bóyá ìlà kan wà nínú mọ́kàndínlógún yẹn tó lè ràn wá lọ́wọ́. Kò sí. Ohun tó tún wà lọ́kàn mi, n kò ní fi pamọ́, ni pé bí mo bá ka ìtàn náà tán láìṣàṣìṣe, tí mo rẹ́rìn-ín ní ibi mẹ́ta, mo ti ríṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìyá náà yóò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdílé wọn. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀. Ó ní kò burú. Ó ní kí n lọ jẹun.

Ọ̀gá àgbà láti Ìkẹjà dé ní aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ọkùnrin gíga tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó dé fìlà, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́. Ọ̀gá ọgbà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń nu nǹkan tí kò sí lójú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Ìlà kìíní, ẹ̀rín. Ọ̀gá àgbà mi orí bí ẹni tó fara mọ́ ọn. A ń rìn lọ bí mo ṣe ń sọ ọ́, títí a fi dé ìdí igi ọdán. Ìyá náà wà lórí àpótí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún. Mo sọ ìlà kẹjọ. Kí n tó sọ ìlà kẹsàn-án, ọ̀gá àgbà gun orí pẹpẹ, ó yí ara rẹ̀ ká láti wo odò.

“Ibí yìí dáa,” ló wí fún ọ̀gá ọgbà. “Atẹ́gùn wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ lọ́jọ́rú.”

Ibi orí ló dúró sí gan-an.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” mo wí, “ẹ sọ̀kalẹ̀.”

Ọ̀gá ọgbà wò mí bí ẹni pé mo bọ́ aṣọ.

“Kí ló dé?” ni ọ̀gá àgbà wí.

“Ẹ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ná, sà.”

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó dúró, ó ń retí ìdí rẹ̀. Mo la ẹnu, mo rí i pé n kò ní ohun tí mo lè sọ tí kò ní fọ́ nǹkan, mo sì pa á dé. Ọ̀gá ọgbà tọrọ àforíjì pé ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Ọ̀gá àgbà ń wo èmi, ó wo pẹpẹ, ó sì wo ìyá náà, ó wá pẹ́ díẹ̀ lójú ìyá náà.

“Báwo lo ṣe sọ pé ó gùn tó?” ló bi mí. N kò tíì sọ bó ṣe gùn tó.

“Ẹsẹ̀ bàtà méje, sà. Mẹ́ta àti ààbọ̀ ní fífẹ̀.”

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó mú un lọ́wọ́. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyá náà, ó kí i, ó bi í bóyá ó sùn dáadáa, bóyá àwọn ọmọ wà. Lẹ́yìn náà ni ó bi í pé:

“Mà, wọ́n ní iyọ̀ lẹ̀ ń já síbí.”

“Iyọ̀ ni.”

“Iyọ̀ nìkan?”

“Iyọ̀ nìkan.”

“Ó ti pẹ́ tí iyọ̀ yẹn ti wà níbí?”

“Ó ti lé lógójì ọdún.”

“Ta ló gbé e sílẹ̀, mà?”

“Èmi àti àwọn àbúrò mi.”

“Sà,” ni ọ̀gá ọgbà wí, “kò sí iyọ̀ kankan níbẹ̀ mọ́ o. Mo yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi.”

Ọ̀gá àgbà dìde, ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní kí wọ́n fa èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu, kí wọ́n sún àtíbàbà sí ọ̀nà géètì ní ogún ìṣísẹ̀. Ọ̀gá ọgbà ní atẹ́gùn kò pọ̀ níbẹ̀ tó báyìí. Ọ̀gá àgbà ní àwọn àlejò á fara dà á. Ó ní ohun ìtàn ni pẹpẹ yìí, kí wọ́n to òkúta funfun yí i ká, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lójú gbogbo wa: pẹpẹ ìjáẹrù ayé àtijọ́. Inú ọ̀gá ọgbà wá dùn gan-an, nítorí pé òun ló kọ ìtàn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọ̀gá àgbà yíjú sí mi.

“Ìwọ, o máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù. Àmọ́ ohun tó wà lórí pátákó yẹn ni kó o máa sọ o. O ò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. O gbọ́ mi?”

Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ ọ dáadáa.

Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bu ọbẹ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà láìbèèrè nǹkan kan, ó tún fi ẹran méjì sí i. Mo ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún méje. Lójoojúmọ́, èmi tí n kò mọ irọ́ pa fún ìyá tó gbé kúlà, mo dúró lábẹ́ igi ọdán, mo ń sọ fún àwọn àlejò pé iyọ̀ ni wọ́n ń já síbẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ìgbà mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, bí a bá yọ àsìkò ìsinmi kúrò, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ìgbà. Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń tọrọ àforíjì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọjọ́ Ajé mo máa ń lọ tún un sọ.

Ìyá náà máa ń wá jókòó síbẹ̀ bí kò bá sí òjò, ó sì máa ń gbọ́ mi. Bí àwọn àlejò bá ti lọ, á pè mí.

“Àná, o ní ogún àpò. Lónìí, o ní ọgbọ̀n.”

“Wọ́n bi mí pé mélòó ni, mà. Kò sí lórí pátákó.”

“Mú ọ̀kan ṣá. Bó o bá ń sọ ọ́ lóríṣiríṣi, wọ́n á mọ̀.”

A mú ọgbọ̀n. Lẹ́yìn ọdún kejì, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wá bèèrè ibi tí iyọ̀ náà ti ń wá, ìyá sì sọ fún un láìṣẹ́jú pé láti ọ̀nà Bàdágírì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó lọ, mo bi ìyá bóyá òótọ́ ni. Ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín sí irú nǹkan báyìí, àwa méjèèjì, àmọ́ a kì í rẹ́rìn-ín pẹ́, nítorí pé ó máa ń fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ sìmẹ́ńtì náà bó bá fẹ́ dìde lọ sílé, bí ẹni tó ń dágbére.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ìjọba tó ṣí ọgbà náà ti lọ, àwọn tó tẹ̀ lé e náà ti lọ, géètì ti dípẹtà, ilé ti kún dé etí omi. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún tó kọjá. Ìdajì òkúta funfun yẹn ṣì wà, ewéko ti bo ìyókù, pẹpẹ náà sì wà ní odidi. Ọmọdébìnrin kan tó ń gbé nítòsí sọ fún mi, láìjẹ́ pé mo bi í, pé ọgbọ̀n àpò iyọ̀ ni wọ́n ń já síbẹ̀ láyé àtijọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Ìyá náà ti kú, àwọn àbúrò rẹ̀ ti kú, ọ̀gá àgbà láti Ìkẹjà náà ti dolóògbé. Kò sí ẹni tí wọ́n lè tì mọ́lé lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ bó ṣe rí. N kò lè sọ pé mo kábàámọ̀ irọ́ náà. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé, èmi tí mo ka ìṣísẹ̀, tí mo ka èèkàn, tí mo ka àpò tí kò sí, ọdún méje ni mo fi jókòó ti obìnrin tó wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn láìbèèrè orúkọ rẹ̀. Irọ́ wa kò nílò orúkọ.

Ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ kẹ́yìn níbẹ̀ ni mo tó bèèrè. Wọ́n ti gbé mi lọ sí ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, mo sì wá dágbére fún ìyá. Mo bi í pé, mà, kí ni wọ́n ń pe màmá yín. Ó ní ìyá òun ló ń tukọ̀ níbí kí afárá tó wà. Òun nìkan ló ní ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọdá, á dúró létí omi, á pe orúkọ rẹ̀ títí tó fi máa gbọ́, á sì tukọ̀ wá gbé onítọ̀hún. Ó sọ orúkọ náà fún mi. Mo mú bírò jáde láti kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ìwé mi, ó ní kí n má kọ ọ́, kí n pè é. Mo pè é, ní ohùn tí mo fi máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ó mi orí.

“Ìyẹn ò lè dé òdìkejì odò,” ló wí. “Tún un pè.”